Ọ̀rọ̀ Tí Kò Ní Orísun

“Ẹ káàárọ̀ o, arábìnrin. Mo ní ẹ káàárọ̀ nítorí pé aago ara ògiri ìsàlẹ̀ sọ pé agogo mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Kì í ṣe pé mo ń dọ́gbọ́n sọ pé ẹ pẹ́ níṣẹ́. Bí ẹ bá pẹ́, mi ò mọ̀. Bí ẹ ò bá pẹ́, mi ò mọ̀.”

Ọkùnrin tó bá mi wọ ẹ̀rọ agbéniròkè ló ń sọ̀rọ̀. Kò mọ̀ mí rí, èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀ kó tó parí ìkíni lásán. Òfin tó ní kí oníkálukú sọ orísun ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò tilẹ̀ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ń kíni, àmọ́ ẹ̀rù ò jẹ́ kí àwọn èèyàn rántí ìyẹn mọ́.

“Ẹ káàárọ̀, sà,” mo dá a lóhùn. “Mo gba ìkíni yín bí ìkíni. Mi ò gbà á bí èébú.”

“Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun tí mo wí yìí, nítorí pé ẹ dáhùn ni. Kò sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀.”

“Ó yé mi.”

Ẹlẹ́rìí, ẹ̀rọ òfin tó wà lọ́fun rẹ̀, tan iná aláwọ̀ ewé, ó sì kú padà. Ìgbà yẹn ni ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí tèmi. Ẹlẹ́rìí ò tóbi ju bọ́tìnnì aṣọ lọ, abẹ́ gògóńgò ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, àmọ́ ẹni tí kò bá rí iná pupa méjì lọ́fun èèyàn, afọ́jú ni. Ọkùnrin náà fẹ̀yìn ti ògiri. Ó di ẹnu rẹ̀ mú ṣinṣin títí ó fi sọ̀ kalẹ̀ ní àjà kẹsàn-án. Mo ní, “Ẹ kú ewu o, bàbá aláàárọ̀,” àmọ́ inú mi ni mo ti wí i. Inú mi nìkan ló kù tí mo ti ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn.

Iná pupa àkọ́kọ́, ọbẹ̀ ló fà á. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin pé ọbẹ̀ rẹ̀ dùn jù. Ó ní ẹ̀fẹ̀ ni mo ń fi òun ṣe, ó lọ fẹjọ́ mi sùn ní Ilé Ìgbọ́yé, ó ní ọ̀rọ̀ mi ò yé òun. Ẹni tí wọ́n bá ṣì gbọ́ ló máa ń jẹ̀bi. Ẹni tó ṣì í gbọ́ á lọ sílé lọ sùn. Ìkejì, ìjẹta ni. Mo ń wẹ ọmọ mi, ọmọ oṣù mẹ́rìnlá, ó ń fi ẹsẹ̀ ta omi, ó ń rẹ́rìn-ín, mo bá ní kò sí ọmọ tó rẹwà tó o láyé. Ẹlẹ́rìí ní, “Orísun?” Orísun kẹ̀! Ọṣẹ ń ta mí lójú, ọmọ ń yọ̀ bọ̀rọ́ lọ́wọ́ mi, ibo ni kí n ti rí orísun? Kí n tó nu ojú, iná kejì ti tàn.

Bí ìkẹta bá tàn, ìdákẹ́ nìyẹn. Ọdún mẹ́ta gbáko tí ohùn ò ní jáde lọ́fun èèyàn, ì báà jẹ́ pé ilé ń jó lé e lórí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ “ìyá” pè. Bí wọ́n bá pa mí lẹ́nu mọ́ báyìí, ẹnu ẹlòmíì ni yóò ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá máa mọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí débi pé mi ò lè sùn.

Iṣẹ́ wo wá ni mo ń ṣe? Iṣẹ́ akéde. Èmi ni wọ́n ń rán lọ sọ fún èèyàn pé ẹni wọn kú. Láàárọ̀ yẹn, Ọ̀gá Lámídì na ìwé sí mi, kò tilẹ̀ wò mí lójú.

“Ìbídùn, orísun ohun tí mo fẹ́ sọ ni ìlànà iṣẹ́ wa, ìpín kẹrin. Agogo méjìlá ọ̀sán ni òpin àkókò tí o ní. Bí agogo méjìlá bá lù tí ìyá olókùú náà ò tí ì sọ pé ó yé òun, ìwọ lo jẹ̀bi. Mi ò fi ọ̀rọ̀ yìí halẹ̀ mọ́ ọ o. Mo kàn ń sọ ọ́ bó ṣe wà lákọsílẹ̀.”

“Ó yé mi, sà.”

Ẹ̀rọ agbéniròkè dúró ní àjà kejìdínlógún. Mo yọ ìwé ìkéde kúrò lábẹ́ apá, mo tún un kà. Ohun tí wọ́n kọ sókè pátápátá ni: Ìyá Kànmí. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé orúkọ tí gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí nìyí, òun ni kí akéde fi pè é. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, Abíọ́nà, wà nísàlẹ̀ nínú lẹ́tà wẹ́wẹ́.

Mo kan ilẹ̀kùn. Ìyá àgbà kan ló ṣí i, ó gbé àtẹ ẹ̀wà lọ́wọ́ òsì, ojú rẹ̀ tutù, irun rẹ̀ funfun báláú. Mo kúnlẹ̀. Mo la ẹnu láti pè é ní Ìyá Kànmí, ẹnu kọ̀ jálẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi ẹnu mi pe Kànmí, kí n sì tún fi ẹnu kan náà wí ohun tí mo bá wá?

“Màmá Abíọ́nà Oyèwùsì,” mo ní. “Ẹ kú ilé o, mà.”

Àtẹ náà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀wà mélòó kan dà sílẹ̀, wọ́n ń yí gbirigbiri lọ sábẹ́ àga.

Yéè! Mo gbé e! Láti ọjọ́ tí obìnrin bá ti bímọ nílẹ̀ wa, orúkọ ọmọ la fi ń pè é. Èwo wá ni ti akéde tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó fo orúkọ ọmọ dá? Kí ló tún kù tó fẹ́ wí? Mo ní kí n ṣàánú ìyá ni, mo bá fi ìka gún un lójú.

Màmá di férémù ilẹ̀kùn mú.

“Ta ló pè mí bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn?” ó ní. “Ṣé kì í ṣe ìyá mi ni?”

Mo wo ọ̀fun rẹ̀. Kò sí iná pupa kankan lára Ẹlẹ́rìí rẹ̀, ó mọ́ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ ẹ́.

“Dìde,” ó ní. “Wọlé. Jókòó síbẹ̀ yẹn. Ṣé o ti jẹun?”

“Mo ti jẹun, mà. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ni, orísun rẹ̀ ni èmi fúnra mi àti abọ́ tí mo fọ̀ kí n tó jáde. Mi ò fi sọ pé mo kọ oúnjẹ yín o. Bí ẹ bá fún mi, n ó jẹ. Àmọ́ kì í ṣe pé mo ń tọrọ.”

“Ṣé gbogbo ìyẹn ni mo bi ọ́?”

Ojú tì mí. Mo jókòó. Mo fẹ́ sọ pé ẹ̀yin lẹ ní kí n jókòó, kì í ṣe pé ó rẹ̀ mí, mo bá gbé e mì.

“Mà, mo wá kéde fún yín,” mo bẹ̀rẹ̀. “Òfin ní kí ẹ jókòó, kí ẹ sì sọ fún mi pé ẹ ti ṣetán, kí n tó—”

“Ṣé o mọ ẹ̀wà ṣà?”

“Mo mọ̀ ọ́n ṣà, mà. Ìyá mi ló kọ́ mi.”

“Ṣà á.”

Ó gbé àtẹ lé mi lẹ́sẹ̀, ó fa àpótí kan, ó jókòó kọjú sí mi. A bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Aago tó wà lókè ilẹ̀kùn sọ pé agogo mẹ́wàá ààbọ̀. Iyàrá náà mọ́ tónítóní. Ẹní tuntun wà lórí bẹ́ẹ̀dì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n ti na aṣọ ìbora lé e, wọ́n gbé ṣálúbàtà ọkùnrin kan sábẹ́ rẹ̀, ó tóbi bí ọkọ̀ ojú omi.

“Ta ló máa ń jẹ ẹ̀wà tó kún ìkòkò yẹn tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?” Màmá bi mí. Ó fi àgbọ̀n nà sí ìkòkò dúdú tó wà lórí sítóòfù. “Ta ló ní kí n má fi iyọ̀ sí i títí òun á fi dé, pé òun lòun ń mọ bí iyọ̀ ṣe ń tó? Ṣé ọ̀la kọ́ ni ọjọ́ Ẹtì?”

“Ọ̀la ni, mà. Kàlẹ́ńdà ìjọba—”

“Ṣa ẹ̀wà rẹ.”

Ibẹ̀ ni mo ti fura. Láti ìgbà tí mo ti débẹ̀, obìnrin yìí ò tí ì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nǹkan kan pé ó rí báyìí tàbí pé kò rí báyìí. Ó ń béèrè, ó sì ń pàṣẹ. Ìbéèrè kì í ní orísun, àṣẹ kì í ní orísun. Mo ṣe iṣẹ́ akéde fún ọdún mẹ́fà, mo rí onírúurú ọlọgbọ́n, mi ò rí èyí rí. Ká ní inú mi dùn ni, ǹ bá pàtẹ́wọ́ fún un.

Àmọ́ aago ń sáré. Ní agogo mọ́kànlá mo tún gbìyànjú. “Mà, ẹ jọ̀ọ́, bí mo ṣe ń bẹ̀ yín yìí, kì í ṣe pé mo ń fi ipá mú yín—”

“Ṣé o rí òkúta yẹn? Èyí tó wà lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ? Ṣé bí o ṣe ń ṣà á nílé ọkọ rẹ nìyẹn?”

Mo yọ òkúta náà. Ní agogo mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mo tún la ẹnu, ó ní kí n bá òun bu omi. Mo bu omi wá. Ó ní kí n ṣí fèrèsé. Mo ṣí fèrèsé. Atẹ́gùn wọlé, ó mú ìró àwọn ọkọ̀ okùn tó ń rọ̀ mọ́ wáyà kọjá láàárín ilé gogoro wá. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo ní nínú mi pé màmá yìí, ẹ mọ̀, ẹ mọ ohun tí mo bá wá, ẹ ti mọ̀ ọ́n láti ẹnu ọ̀nà, kí ló dé tí ẹ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yín pa mí? Lẹ́yìn náà ojú ara mi tì mí. Ta ló ń yára gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

“Òfin burúkú,” mo ní. Kò yé mi bó ṣe bọ́ lẹ́nu mi. Ẹlẹ́rìí mi ní, “Orísun?” “Mo fẹ́ sọ pé èmi, Ìbídùn, ni mo rò bẹ́ẹ̀,” mo sáré fi kún un. “Èrò ọkàn mi ni. Orísun rẹ̀ ni èmi nìkan.” Iná aláwọ̀ ewé tàn. Mo mí kanlẹ̀.

Màmá dáwọ́ dúró lórí ẹ̀wà.

“Ṣé wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé bí òfin yìí ṣe bẹ̀rẹ̀?”

“Wọ́n kọ́ mi, mà. Ìwé ìtàn kíláàsì kẹrin, ojú ewé kẹtàdínlógún. Wọ́n ní àhesọ ọ̀rọ̀ ló jó ìlú méje.”

“Ṣé ojú ewé yẹn dárúkọ Oyèwùsì?”

“Rárá, mà. Bí mo ṣe rántí ni o. Ó lè wà níbẹ̀ kí n má rántí.”

“Ta ló ní Oyèwùsì da májèlé sínú omi ìlú?” Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè, kò sì wálẹ̀. “Ṣé ẹni náà rí i? Àbí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì? Nígbà tí wọ́n wọ́ ọkọ mi jáde síta gbangba, ṣé ẹnì kan ṣoṣo wà nínú wọn tó bi ẹnì kejì rẹ̀ pé, ibo lo ti gbọ́ ọ? Ṣé o mọ bí Kànmí ṣe tó lọ́jọ́ náà? Ṣé o mọ̀ pé ó wà lẹ́yìn mi?”

Mi ò lè gbé ojú sókè.

“Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ òfin yìí nawọ́,” Màmá ní, “ta lo rò pé ó kọ́kọ́ nawọ́ rẹ̀ sókè?”

Háà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bú àwọn tó ṣe òfin yìí. Mo ti fi wọ́n ré nínú balùwẹ̀, mo ti fi wọ́n ré nídìí ààrò. Mi ò mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn ni n ó bá ṣa ẹ̀wà láàárọ̀ ọjọ́bọ̀.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, mà,” mo ní. Mi ò ṣe àlàyé kankan lé e.

Ó wò mí. Mo rí i pé ọ̀fun mi ló ń wò.

“Méjì ni iná rẹ?”

“Méjì ni, mà.”

“Ṣé o bímọ?”

“Mo bí ọ̀kan, mà. Obìnrin, oṣù mẹ́rìnlá. Orísun rẹ̀ ni ìwé ìbí tí—”

“Agogo mélòó ni wọ́n fún ọ?”

“Méjìlá, mà.”

Ó wo aago. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó wo àtẹ. Kò sí òkúta kankan níbẹ̀ mọ́, ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí a ti ń yí ẹ̀wà tó mọ́ lásán. Ó dìde, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó fún un mọ́ ìdí dáadáa bí ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù. Ó wá jókòó padà.

“Mo ti ṣetán,” ó ní.

Ohun tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti àárọ̀ nìyẹn. Ó dé, mi ò fẹ́ ẹ mọ́. Mo tú ìwé, lẹ́tà ń jó lójú mi. Mo rò ó pé kí n dìde kí n máa lọ, àmọ́ ibo ni mo fẹ́ lọ? Ṣebí ilé ni, ibi tí ọmọ mi wà, n ó sì dé ibẹ̀ láìlóhùn.

“Sọ ọ́,” ni Màmá wí.

Mo sọ ọ́. “Mo kéde fún yín, Ìyá Kànmí, pé ọmọ yín, Oyèkànmí Oyèwùsì, ti kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní ìlú abẹ́ òkun tó ti ń ṣiṣẹ́. Ògiri iyàrá tó wà ló ya, omi sì wọlé. Orísun àkọ́kọ́ ni ìwé dókítà. Ìkejì ni àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ ilẹ̀kùn. Ìkẹta ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tí wọ́n gbé e jáde.” Mo gbé itọ́ mì. Èyí tó kù ló burú jù. “Àlàyé. Kú tí mo wí, mi ò fi ṣe àfiwé. Mi ò sọ pé ó sùn. Mi ò sọ pé ó rìnrìn àjò. Mi ò sọ pé ó papò dà, mi ò sọ pé Ọlọ́run pè é. Kú ni mo wí.”

Àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn bàbá wa fi ń bo ikú mọ́lẹ̀ kó má bàa pa alààyè, mo yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú ìyá olókùú. Ìyẹn ni mo fi ń gba owó oṣù.

Ẹlẹ́rìí Màmá sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ohùn obìnrin ni, ó tutù pẹ̀sẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ padà.”

Ìyá kì í fi ẹnu ara rẹ̀ wí i. A kì í jẹ́ kó dé ibojì ọmọ pàápàá. Àmọ́ ẹ̀rọ ò mọ ìyẹn.

“Oyèkànmí ti kú,” ni Màmá wí. “Omi ló wọlé bá a. Kò sùn. Kò rìnrìn àjò.” Ó nawọ́ sí mi. “Orísun mi ni ọmọ tó jókòó níwájú mi yìí.”

“Ó ti yé e,” ni Ẹlẹ́rìí wí. Iná aláwọ̀ ewé tàn lọ́fun Màmá, ó tàn lọ́fun èmi náà. Agogo méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo ti bọ́.

Kò sunkún. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Mo ká ìwé mi, mo dìde, mo ń wá bí n ó ṣe kí i. Ó na ọwọ́, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù fún omi.

“Ṣé ó pè mí?”

“Mà?”

“Nígbà tí omi wọlé. Ṣé ó pè mí?”

Mo ṣí ìwé, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò bí ẹni pé mi ò mọ̀ pé òfìfo ni. Ìdáhùn wà lẹ́nu mi, ó mọ́, ó ní orísun: mi ò mọ̀, mà, kò sí nínú ìwé. Ẹnikẹ́ni ò lè mú mi sí i. N ó wí i, n ó wọ ẹ̀rọ, n ó sọ̀ kalẹ̀, n ó wọ ọkọ̀ okùn lọ bá ọmọ mi. Ta ni yóò bá mi wí? Òun alára ló nawọ́ sókè kí ẹnikẹ́ni má bàa tún wí ohun tí kò rí. Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan ò rí ló pa ọkọ rẹ̀.

Ó sì ń wò mí. Ó mọ gbogbo ìyẹn jù mí lọ, ó sì tún béèrè.

Mo rò ó. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ kọ lásán nílẹ̀ wa, kí ló máa ń wí? Ẹni tí iná bá jó lọ́wọ́, ẹni tí àkekèé ta, arúgbó ọgọ́rin ọdún tí ìyá rẹ̀ ti kú láti àádọ́ta ọdún, ta ni wọ́n ń ké pè? Ṣé ẹnì kan wá wà tí omi òkun já ògiri lù tí kò ní ké e?

“Ó pè yín, mà,” mo ní.

“Orísun?” ni Ẹlẹ́rìí mi wí.

“Ó pè yín. Ó ké pé, ‘Yéè! Ìyá mi o!’”

“Orísun?”

“Ọmọ wo ni omi ń gbé lọ tí kì í ké pe ìyá rẹ̀?”

“Ìbéèrè kì í ṣe orísun,” ni Ẹlẹ́rìí wí. Mo gbọ́ ọ nígbà tó dún tín-ín. Mi ò nílò dígí. Mo mọ̀ pé iná kẹta ti tàn.

Ìgbà yẹn ni Màmá bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹkún kékeré. Ó gbá àyà mú, ó ń mi orí, ó ń wí pé, “Mo gbọ́ ọ, Kànmí. Mo gbọ́ ọ o, ọmọ mi. Mo ń jẹ́ ọ o.” Ẹlẹ́rìí rẹ̀ ń béèrè orísun, ó ń béèrè, kò dá a lóhùn. Iná pupa kan tàn lọ́fun rẹ̀, èyí àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Kò tilẹ̀ fi ọwọ́ kàn án. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo di ejìká rẹ̀ mú, èmi náà ń sunkún, mi ò sì ṣe àlàyé ẹkún tí mo ń sun.

Nígbà tó ṣe, ó fi etí ìró nu ojú, ó gbé orí sókè, ó sì rí ọ̀fun mi.

“Mẹ́ta?” ó ní.

“Ẹ má ṣe ìyọnu, mà.”

“Ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n máa ń fúnni kí ohùn tó lọ?”

“Mẹ́wàá. Ó ti ku mẹ́fà báyìí.”

“Ṣé o lè dé ilé?”

Mo mi orí. Ilé jìnnà, ọkọ̀ okùn mẹ́ta ni. Ó nawọ́ sí fóònù ara ògiri, mo tún mi orí. Bí iná kẹta bá ti tàn, kò sí fóònù tó máa gbé ohùn èèyàn mọ́. Ìgbà yẹn ló wá yé mi dáadáa. Láàárọ̀ yẹn, bí mo ṣe ń jáde nílé, ọmọ mi ń sùn. Mi ò tilẹ̀ kí i. Mo ní kí n má jí i. Mo jókòó sórí ilẹ̀ láàárín ẹ̀wà tó dà sílẹ̀.

“Báwo lo ṣe máa ń pè é láàárọ̀?” Màmá bi mí.

“Ta ni, mà?”

“Ta tún ni? Bí o bá fẹ́ jí ọmọ rẹ, báwo lo ṣe máa ń pè é? Pè é, kí n gbọ́.”

“Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, mà?”

“Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé báwo ni ìyá òun ṣe ń pe òun, ṣé wọ́n á ní kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ni? Ṣé etí ara mi kì í ṣe orísun? Ṣé mi ò lè wọ ọkọ̀ okùn mẹ́ta ni? Pè é.”

“Àyọ̀ká,” mo ní, “mo ń pè ọ́ nítorí pé ilẹ̀ ti mọ́, gẹ́gẹ́ bí aago—”

“Ṣé bẹ́ẹ̀ lo ṣe ń pè é?”

Ojú tì mí gidigidi. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo sì ń tọ́ka aago fún ọmọ ọwọ́. Mo di ojú, mo gbìyànjú láti rí i níbi tó sùn sí, tó ká ẹsẹ̀ kò, tó fi ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́.

“Àyọ̀ká o! Àyọ̀ká mi, ẹyin ojú mi! Ilẹ̀ ti mọ́ o. Ọmọ tó rẹwà jù láyé, dìde wá mumi, dìde wá jó fún ìyá ẹ!”

“Tún pè é.”

Mo tún pè é. Màmá gbọ́ ọ, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ètè rẹ̀ ń mì tẹ̀lé tèmi, ó ń kọ́ ibi tí mo ti ń fa ohùn àti ibi tí mo ti ń rẹ ẹ́ sílẹ̀. Mo pè é ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ń bá mi pè é.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo dé “ilẹ̀ ti mọ́ o,” mo la ẹnu sí èyí tó kù, ohùn ò jáde. Màmá ló bá mi parí rẹ̀.